Káàdì Kejìlá

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, bàbá mi jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná, ó to káàdì méjìlá síwájú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ta káàdì lóun nìkan. Oṣù kẹta ọdún 1984 ni. Odò Kama ṣì dì di yìnyín gbagidi, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ iyọ̀ ní òdìkejì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo káàdì náà, ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì: gentle.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bàbá mi, Innokenti Savelyevich, fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ló ń ṣe ìwé kan fún àwa tí a ń sọ èdè Rọ́ṣíà, ìwé àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí a máa ń ṣì lò. Inú páálí bàtà ló ń kó o sí. Káàdì kan ni ọ̀rọ̀ kan máa ń gbà. Èyí nìkan ló gba méjìlá.

Ó ní ọ̀rọ̀ kan ni lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọ̀nà márùn-ún tàbí mẹ́fà ni àwa ń gbà sọ ọ́. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, a ní tirẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè tí kò ga gan-an ni, a ní òmíràn. Ẹṣin tí kì í ta ènìyàn nípàá, ọwọ́ ìyá lójú egbò, ìbáwí tí kò korò, olúkúlùkù ló ní tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, á mú èyí tó kọ́kọ́ rí, á sì kọ ọ́ pé búrẹ́dì náà jẹ́ gentle nítorí pé ó rọ̀, tàbí pé aláìsàn náà jẹ́ gentle nítorí pé kò lè dìde.

“Kì í ṣe àìlágbára,” ni bàbá mi á wí, á fi pẹ́ńsù kan tábìlì. “Ẹni tí kò lè ṣe ọ́ léṣe, kí ló ní tó ń kó ní ìjánu? Agbára gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kí a tó lè rọ ọwọ́ náà.”

Ó ti kọ ìyẹn sílẹ̀. Káàdì mọ́kànlá ti kún. Ìkejìlá ṣófo, torí gbólóhùn àpẹẹrẹ ló yẹ kó wà níbẹ̀, gbólóhùn kan tí ọmọ ilé ìwé yóò kà tí ọ̀rọ̀ náà yóò yé e láìsí àlàyé. Ó ti kọ̀wé sí Gleb, àbúrò mi, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà ní ìlà-oòrùn jíjìnnà, pé kó máa wo àyíká rẹ̀, pé bó bá rí ohun tó bá ọ̀rọ̀ náà mu, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Eré àwọn méjèèjì ni. Láti ìgbà tí Gleb ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń mú gbólóhùn wálé bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń mú ẹja wálé láti odò.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ṣí i. Ọ̀gá ológun kan ló wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì oògùn lọ́wọ́. Ní ìlú wa nígbà náà, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọ̀gá ológun túmọ̀ sí.

“Ẹ jókòó, bàbá,” ni ọ̀gá náà wí.

“Mo ti jókòó.”

Òótọ́ ni, kò tíì dìde. Ọ̀gá náà ka ìwé ọwọ́ rẹ̀: Gleb ń kó yìnyín kúrò lórí òrùlé bárékè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já bọ́, ó kú lẹ́nu iṣẹ́.

“Òrùlé yẹn ga tó báwo?” bàbá mi bi í.

Ọ̀gá wo ìwé náà. “Wọn ò kọ ọ́ síbí.”

“Ọmọ mi kọ̀wé pé bí òun bá nawọ́, òun á kan òrùlé náà. Ó ní ilé pákó kékeré ni, tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mì.”

“Bàbá, ohun tí wọ́n bá fún mi ni mò ń kà.”

“Mo gbọ́,” ni bàbá mi wí. “Ẹ ṣeun tí ẹ wá.” Ó kó káàdì náà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi okùn dì wọ́n. Ìyá wa ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó wá ku àwa méjì nínú ilé.

*

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé e dé, nínú pósí páànù tí wọ́n fi iná jó ẹnu rẹ̀ pọ̀. Àwọn ṣọ́jà méjì tó gbé e wá ní àṣẹ ni pé a kò gbọ́dọ̀ ṣí i. Bàbá mi fún wọn ní tíì. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó lọ mú àáké wá láti ibi tí a ń to igi sí.

“Bàbá,” ni mo wí.

“Jáde, Agniya.”

N kò jáde. Ó fi ẹnu àáké sí ojú ibi tí wọ́n jó náà, ó ń fi òòlù lù ú lórí. Ó pẹ́. Páànù náà ń ké bí ẹran. Etí páànù náà gé e lọ́wọ́, kò sì wo ọwọ́ náà. Nígbà tó ká a sẹ́yìn, a rí Gleb.

Imú rẹ̀ ti fọ́ wọlé. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mẹ́ta ti dá, wọ́n kọjú sí ibi tí ìka kì í kọjú sí. A bọ́ aṣọ rẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a yí i padà, ìràwọ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Irin bẹ́líìtì àwọn ṣọ́jà wa ní ìràwọ̀ lójú, tí ènìyàn bá wé bẹ́líìtì mọ́ ọwọ́ tó fi orí irin na ẹlòmíràn, ìràwọ̀ náà yóò jáde sí ara. Mo kà á dé mẹ́tàdínlógún, mo dẹ́kun kíkà.

“Ẹni tó já bọ́ látorí òrùlé,” ni bàbá mi wí. Ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fún un, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn.

*

Ní ogójì ọjọ́ ikú rẹ̀, bí àṣà ìrántí òkú wa, a se àlìkámà pẹ̀lú oyin, a bu ọtí sí gíláàsì Gleb, a gbé búrẹ́dì lé e lórí, a gbé e síwájú àga rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wá, wọ́n jẹ, wọ́n lọ. Nígbà tí oòrùn ń yí sí ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó wọ aṣọ ṣọ́jà, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì.

“Ravil ni mí,” ni ó wí. “Ẹ̀gbẹ́ ara wa ni èmi àti Gleb ń sùn. Mo ti parí ọdún méjì mi, ilé ni mò ń lọ. Mi ò wá jẹun o, Tísà.”

“Jókòó.”

“Ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́ ní ìdúró. Sájẹ́ǹtì wọn, Yefim, máa ń já lẹ́tà gbogbo wọn wò. Kì í ṣe òfin, òun ló sọ ọ́ di òfin. Ó rí ìlà kan nínú lẹ́tà Gleb tí a kò fi álífábẹ́ẹ̀tì tiwa kọ, ó sì rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó jọ ‘sájẹ́ǹtì.’ Ó pè é sí yàrá tí wọ́n ti ń sá bàtà. Àwọn mẹ́fà ló wà níbẹ̀.

“Yefim ní, ‘Ọ̀jọ̀gbọ́n, ta lo ń fi ẹjọ́ wa sùn?’ Gleb ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, pé gbólóhùn kan ni, fún ìwé bàbá òun. Yefim ní, ‘Kà á.’ Gleb kà á, a rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Túmọ̀ rẹ̀.’ Ó túmọ̀ rẹ̀.”

“Báwo ló ṣe túmọ̀ rẹ̀?” ni bàbá mi bi í.

Ravil wo ilẹ̀. “Ajá kan wà níbi tí a ń kó epo sí. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ya á lẹ́sẹ̀ títí dé eegun. Yefim ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó rán ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rún búrẹ́dì lẹ́nu fún un. Gleb ní ohun tí òun kọ ni pé, ‘Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ ni sájẹ́ǹtì wa fi ń mú ajá tó gbọgbẹ́.’”

Ravil ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

“Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ẹnìkan ní, ‘Sájẹ́ǹtì, o ti di ìyá ìkókó.’ Ìyẹn ló bí i nínú. Ó ní, ‘Irọ́ lò ń pa. Ta ni yóò kọ irú ìyẹn ránṣẹ́ sílé? Sọ pé o fẹjọ́ sùn, kí n fi ọ́ sílẹ̀.’ Tísà, ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá mọ níbẹ̀. A ṣẹ́jú sí i pé kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń túmọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ ṣáá. Yefim bọ́ bẹ́líìtì. Ó tẹ ọwọ́ tí Gleb fi kọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ó tún bi í. Ohun kan náà ló tún sọ. Lẹ́yìn náà kò lè sọ nǹkan kan mọ́, ẹnu rẹ̀ ti kún.”

Ravil gbé ojú sókè. “Wọ́n ní kí olúkúlùkù lù ú. Èmi náà lù ú. Ẹ̀ẹ̀mejì.”

Bàbá mi dìde. Ó gbá a létí, ìdúró rẹ̀ yẹ̀. Ó gbá a ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ jáde ní ètè Ravil, kò nù ún.

“Ó di méjì,” ni bàbá mi wí. Ó fa àga fún un, ó bu àlìkámà sí àwo. “Jókòó wàyí, kí o jẹun.”

Ravil jẹun, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú àwo. Nígbà tó jẹ tán, ó yọ lẹ́tà náà láti inú bàtà rẹ̀. Ó ní abẹ́ àgbékọ́ bàtà ni òun ti rí i. Ó ti dúdú ní igun kan.

“Níbo ni Yefim wà?” bàbá mi bi í.

“Ará agbègbè yín ni. Gleb rò pé torí bẹ́ẹ̀ yóò dáàbò bo òun, ẹ mọ̀ pé níbẹ̀ ará agbègbè kan náà máa ń gbèjà ara wọn. Ọkọ̀ ojú irin kan náà la wọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Borovka ní àná.”

Ibùdókọ̀ ojú irin méjì ni Borovka fi jìn sí wa.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo jí, mo rí i pé ìkọ́ irin tí a ń gbé àáké kọ́ ṣófo. Mo sáré dé ibùdókọ̀. Bàbá mi ti wà lórí ìjókòó, àáké wà nínú àpò tí a fi ń ra ànàmọ́, lórí itan rẹ̀.

“Padà sílé, Agniya.”

“Mi ò padà.”

“Ìwọ yóò máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Àwọn páálí wà lókè àpótí aṣọ.”

“Ẹ̀yin lẹ ni àwọn páálí. Mi ò lè parí ìwé, èmi tí mò ń wọn iyọ̀ ní ilé iṣẹ́.”

“O lè parí rẹ̀.”

“Bàbá, ẹ̀yin nìkan ló kù fún mi.”

Ọkọ̀ dé. Ó wọlé, mo wọlé tẹ̀ lé e. A kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí àpò náà, ọwọ́ tó ti fi ẹfun kọ̀wé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé bó bá lò ó bó ṣe fẹ́ lò ó, mi ò ní rí i mọ́ bí kò ṣe lẹ́yìn irin ẹ̀wọ̀n, bí mo bá tilẹ̀ rí i.

A béèrè ilé Yefim lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń fa omi. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń la igi. Ó ga, ojú rẹ̀ ṣì jẹ́ ojú ọmọdé. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wà lórí okùn.

“Ìwọ ni Yefim?”

“Èmi ni. Kí lẹ fẹ́, bàbá àgbà? Tí igi lẹ fẹ́ kí n là fún yín, mo ti rí iṣẹ́ tèmi.”

“Bàbá Gleb ni mí.”

Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró díẹ̀, bí iná tí ẹnìkan gbàgbé láti pa. Bàbá mi fa àáké yọ, ó sì fi ṣá sí i láti òkè wá.

Yefim yẹra. Àáké há sínú kùkùté, bàbá mi ń fà á, Yefim sì fi bàtà gbá a níkùn, lẹ́yìn náà ní ìhà nígbà tó ṣubú, lẹ́yìn náà ní ìhà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò tilẹ̀ dàbí ẹni tí inú ń bí. Bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà ni. Mo gbé igi kan, mo fi gbá a lẹ́yìn orí. Ó dojúbolẹ̀. Mo tún gbá a léjìká, mo gbọ́ tí nǹkan kán. Mo fẹ́ tún gbá a, inú mi dùn sí i, n kò ní purọ́.

Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá mi ti yọ àáké. Ó dúró lókè Yefim, ẹ̀jẹ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀, ó gbé àáké sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ọrùn Yefim sì wà nílẹ̀ bí ọrùn adìyẹ.

N kò ronú. Mo nawọ́, mo gbá ẹnu àáké náà mú.

N kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Mo kàn rí i pé ọwọ́ mi ti pupa títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá mi wo ọwọ́ náà, ó wo àáké. Àáké bọ́ sílẹ̀.

“Ẹ ka lẹ́tà náà fún un,” ni mo wí. “Ì báà kú, ì báà yè, ẹ kà á fún un.”

Ó yọ ọ́ nínú àpò àyà rẹ̀. Ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì túmọ̀ rẹ̀, ohùn tó fi ń kọ́ni ní kíláàsì náà ni. Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ ni sájẹ́ǹtì wa fi ń mú ajá tó gbọgbẹ́.

Yefim ti jókòó sínú ẹrẹ̀. Apá rẹ̀ kan ń rọ̀. “Irọ́ ni,” ni ó wí.

“Ọmọkùnrin, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní èdè yìí. Mi ò tíì fi purọ́ rí.”

“Ohun tí òun náà ń sọ nìyẹn.” Ó ń wo ìwé náà bí ẹni pé ó lè kà á. “Ohun kan náà ló ń sọ ṣáá. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín níwájú àwọn ọmọ. Ta ló máa ń kọ irú ìyẹn nípa mi?”

“Òun ló kọ ọ́,” ni bàbá mi wí.

Mo jókòó sórí kùkùté. Bàbá mi ń fi fìlà rẹ̀ dí ọwọ́ mi, kò mọ ibi tí yóò dí, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Yefim dìde. Ó fa aṣọ ìbùsùn kan lórí okùn, ó fi eyín di etí rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan tó kù ya á gbọọrọ. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi.

“Ẹ tẹ ibi yìí, bàbá. Kì í ṣe ibẹ̀. Ibí.”

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé orúnkún rẹ̀. Ó to ìka mi pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wé e láti ọrùn ọwọ́ wá sókè, kò fà á jù, kò sì tú u jù, nígbàkigbà tí mo bá fà sẹ́yìn yóò dúró dè mí. Kò dùn mí. Mo kórìíra rẹ̀ nítorí pé kò dùn mí. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń wò ó, ó ń wo ọwọ́ yẹn títí ó fi so kókó pẹ̀lú eyín rẹ̀. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń ka gbólóhùn náà láìsí ohùn.

“Wọ ẹ̀wù rẹ,” ni ó wí fún Yefim. “Wàá sọ ọ́ fún àwọn aláṣẹ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi.”

“Wọ́n ti kọ ọ́ pé ó já bọ́ látorí òrùlé ni.”

“Ìyẹn ni wàá túmọ̀ fún wọn.”

Ó lọ. Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá ìbá lọ ká ní apá rẹ̀ kò kán. Wọ́n ṣe ẹjọ́ náà ní kọ̀rọ̀, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ fún un, àwọn mìíràn gba ọdún díẹ̀. Ọ̀gá tó kọ ọ̀rọ̀ òrùlé, a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n bi mí nípa ọwọ́ mi ní ọsibítù, mo ní igi ni mò ń là.

*

Bàbá mi gbé ọdún márùn-ún sí i. Ó parí gbogbo páálí yòókù. Nígbà mìíràn yóò yọ káàdì méjìlá náà, yóò tò wọ́n, yóò mú pẹ́ńsù, yóò sì tún fi okùn dì wọ́n padà. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan ìdí rẹ̀ tí kò fi kọ gbólóhùn náà síbẹ̀.

“Èmi ni mo ní kó kọ ọ́,” ni ó wí. “Ọwọ́ mi kò gbé e.”

Ẹ̀gbẹ́ Gleb ni a sin ín sí. Ní oṣù kẹta tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ tí ìròyìn dé, mo bu ọtí sí gíláàsì méjì, mo gbé búrẹ́dì lé wọn. Mo yọ káàdì kejìlá. Ìka ọwọ́ ọ̀tún mi méjì kò lè tẹ̀ mọ́, nítorí náà mo fi pẹ́ẹ̀nì há àárín àwọn tó kù, mo sì kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ó ṣe wà nínú lẹ́tà náà gẹ́lẹ́. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí bàbá mi máa ń kọ ibi tí ó ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀, mo kọ orúkọ Gleb àti oṣù tó kọ ọ́.

Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i kí tàdáwà lè gbẹ. Mo dá a padà sẹ́yìn ìkọkànlá, mo so okùn, mo dé páálí náà.